Ìkọ́kọ́rẹ́ tàbí ìrẹsì, ẹmu tàbí bíà, onílù tàbí DJ: bí a ṣe ń yàn fún ìnáwó àgbà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìnáwó àgbà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọjọ́ ìbí ogójì ọdún, àádọ́ta, ọgọ́ta, àádọ́rin, ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìṣílé, òkú àgbà tí àwọn ọmọ fẹ́ fi ayọ̀ sin. Owó kékeré kọ́ ló ń bá a lọ, àwa ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni délé rẹ̀ kó sọ pé tiwa kò dùn. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ jókòó, kó gbé àwọn ohun tó wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì yàn fúnra rẹ̀ kí alásè àti àwọn ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn fún un.

Ìwọ̀n kan ni mo ń lò fún gbogbo rẹ̀: kí ló máa dé tábìlì ìkẹyìn, báwo ló sì ṣe máa rí nígbà tó bá débẹ̀? Iwájú kò níṣòro. Ibi tí ọlọ́jọ́ ìbí, àwọn olóyè àti àwọn bàbá ìjọ jókòó sí, gbogbo nǹkan ló ń débẹ̀, tó ń débẹ̀ ní gbígbóná. Ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ kánópì tó kángun sí ògiri, níbi tí àbúrò ìyá yín tó wọ ọkọ̀ méjì wá láti Ìjẹ̀bú Igbó jókòó sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa wo ìnáwó yín.

Ọjọ́ àti wákàtí

Ọ̀sán Sátidé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn, nítorí pé ẹni tó bá wá láti Èkó á lè padà lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ẹ ń pè ná. Bí ìnáwó bá wà ní Ìlíṣàn, tí púpọ̀ nínú àlejò yín jẹ́ ọmọ ìjọ Adventist, àwọn tó ni Yunifásítì Babcock, ọ̀sán Sátidé ti gé wọn kúrò. Ìsinmi wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sì parí títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. Ọjọ́ Àìkú ló bá wọn mu jù.

Ẹni tó fẹ́ ṣe tiẹ̀ ní Ṣàgámù lálẹ́ Jímọ̀, tó ń retí àwọn ará Èkó, kó yẹra fún Jímọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìjọ Redeemed ń ṣe ìsìn ńlá wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè jẹ́ kí àlejò yín dé nígbà tí ẹ ti ń ká àga.

Ní Ìjẹ̀bú Òde, ọ̀rọ̀ ayẹyẹ Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, lójú méjì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun á ti wálé, àwọn regbérẹgbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra) á ti péjọ, ìlú á ti dùn. Ṣùgbọ́n kánópì, àga àti alásè á ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹran àgbò á sì ti sú ènìyàn. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá wù yín, ẹ san àsansílẹ̀ lóṣù bíi mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹja pọ̀ ju ẹran lọ nínú oúnjẹ yín.

Ní ti wákàtí, aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́rin ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo oògùn lásìkò, wọn ò sì fẹ́ rin ìrìn òru. Ìrọ̀lẹ́ dára fún ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, oòrùn ti rọ̀, ijó á sì dùn. Àmọ́ ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀, iná àti àwọn ọlọ́dẹ kún un. Èyí ó wù kí ẹ mú nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ṣáájú ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn baba wa ti sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìkọ́kọ́rẹ́, ìrẹsì, òkèlè

Bí àlejò bá ti gbọ́ pé Ìjẹ̀bú ni, ìkọ́kọ́rẹ́ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń fọwọ́ bù sínú ọbẹ̀ tó ti ń hó pẹ̀lú ata, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ. Wọn ò ní rò ó títí yóò fi dì ní kóró-kóró. Ó rọ̀ lẹ́nu, àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń lọ lè jẹ ẹ́, òórùn ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ sì ń pe ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú iná ló ti ń dùn. Bó bá pẹ́ nínú kúlà, omi rẹ̀ á gbẹ, á dì gbagidi, ohun tó sì máa dé tábìlì ìkẹyìn nìyẹn. (Nílé, ìkọ́kọ́rẹ́ àná pẹ̀lú ẹ̀bà tútù lè dùn ju tòní lọ, ṣùgbọ́n a kì í gbé ìyẹn síwájú àna ẹni.)

Nítorí náà, bí àlejò yín kò bá ju ọgọ́ta lọ, ẹ fi ìkọ́kọ́rẹ́ ṣe oúnjẹ gan-an, kí ẹ sì sè é nítòsí ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ di oúnjẹ ìṣíwájú: ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta nínú abọ́ kékeré pẹ̀lú ègé ẹja kan, kí ìrẹsì tó dé. Ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n fi ewùrà kan náà dín lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè iye ewùrà lọ́jà Òkè Àjẹ kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, torí ó máa ń wọ́n kí tuntun tó jáde.

Ìrẹsì ni a ń gbára lé. Kò sí ìnáwó igba ènìyàn tó lè yẹra fún un, torí ó ń bù kíákíá, ó ń gba kúlà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni oúnjẹ, giramu 150 ìrẹsì tí a kò tíì sè tó fún àgbàlagbà kan. Lórí ìwé, àpò kìlógírámù 50 á fún yín ní àwo 330. Ẹ yọ èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, èyí tí wọ́n bù kọjá ìwọ̀n, àti ti àwọn awakọ̀ àti onílù. Àwo 250 ni kí ẹ fọkàn sí. Bí òkèlè bá wà níbẹ̀, giramu 100 ti tó, àpò kan náà á sì bọ́ ènìyàn bíi 375.

Nínú ìrẹsì fúnra rẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù ló rọrùn jù lọ láti gbé dé ẹ̀yìn láìṣe pé ẹnì kan ń gbé ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ ata dára fún àgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa òróró, torí ó lè ní kí wọ́n dín ọbẹ̀ kù. Ní Rẹ́mọ, mo fẹ́ kí ọ̀fadà wà níbẹ̀. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọbẹ̀ ayamáṣe ti jáde: ata tútù tí kò tíì pọ́n, irú, epo pupa tí a yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ wé e sínú ewé, kì í ṣe inú ike. Ṣùgbọ́n ata rẹ̀ kì í ṣe ti oníkùn rírọ̀, epo rẹ̀ sì lè ba léèsì jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá wà bí oúnjẹ kan ṣoṣo.

Ẹ má sì fi òkèlè ṣeré. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún lè jẹ ìrẹsì tán kó délé kó béèrè pé ṣé kò sóúnjẹ. Níbi ọjọ́ ìbí ẹni ọgọ́ta sókè, ẹ jẹ́ kí òkèlè tó ìdámẹ́ta àlejò. Níbi ti ẹni ogójì, ìdámárùn-ún ti tó. Iyán dùn, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ó sì ń le tó bá tutù. Ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tó kún fún ẹja, rọrùn jù ú lọ. Sémó ni àwọn alásè fẹ́ràn torí ó yá.

Èyí tó yẹ kó gba àyè lọ́wọ́ sémó lójú mi ni èbìrìpò. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni. Kókò ni wọ́n rin, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sì sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ewé tó wà lára rẹ̀ ń mú ooru dání, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba, kò sí ẹni tó máa bù ú kọjá ààlà, ẹ sì lè ka iye rẹ̀ nígbà tó kúrò ní ìdí iná àti nígbà tó dé ẹ̀yìn. Pẹ̀lú ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́, ó yẹ iwájú ọba. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ṣàgámù ń dàgbà láìmọ orúkọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n mọ orúkọ oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè tó wà nínú páálí.

Ẹran tàbí ẹja

Bí màlúù bá wà, ẹ pa á lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yan ẹnì kan tó máa ka ègé rẹ̀. Ewúrẹ́ dára fún ata díndín ìrọ̀lẹ́. Adìyẹ ń dọ́gba nínú àwo, ìjà kì í sì í sí lórí rẹ̀. Ẹja tútù láti ọ̀nà Ìwòpìn, ní agbègbè odò wa, ni mo máa ń gbà níyànjú fún àwọn àgbà, bó bá jẹ́ èyí tí eegun rẹ̀ kò pọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kò yẹ kó wọ ìkòkò kankan níbi tí Mùsùlùmí àti Adventist wà, kódà bí ẹ bá sè é lọ́tọ̀.

Alásè tàbí àwọn ìyàwó ilé

Alásè tó ń gba owó lórí àwo máa ń náni lówó jù lójú ìwé. Àwọn ìyàwó ilé, tí wọ́n ń fi igi dáná lẹ́yìn ilé láti ìdájí, kì í náni tó bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ wọn sì sábà máa ń dùn jù, torí orúkọ ilé ni wọ́n ń sè. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó máa dáhùn bí oúnjẹ bá tán. Ẹ lè di àdéhùn mú mọ́ alásè pé 200 àwo ni, kó sì kà á fún yín. Àwọn ìyàwó ilé, ẹ ò lè ka oúnjẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ láìbí wọn nínú, kúlà kan sì lè wọ yàrá kan kó má jáde mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Bí àlejò bá ju 150 lọ, ẹ mú alásè fún ìrẹsì àti ẹran, kí ẹ sì fi ìkọ́kọ́rẹ́, èbìrìpò àti ẹ̀fọ́ lé àwọn ìyàwó ilé lọ́wọ́. Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo, láti di kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ mú. Ẹ sọ fún àwọn tó ń pín oúnjẹ pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ò ní pàdánù ohunkóhun; ojú àwọn alábòójútó yín wà lára wọn. Àwọn regbérẹgbẹ́ sì nìyí: wọn á wọlé pa pọ̀, wọn á fẹ́ jókòó pa pọ̀, wọn á fẹ́ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yà tábìlì wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìlera. Ìrẹsì tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè ṣeni ní jàǹbá, torí kòkòrò kan wà tí iná kì í pa tán, tó máa ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Kí oúnjẹ gbígbóná wà lókè ìwọ̀n ooru 60 Sẹ́líṣọ́ọ̀sì, kó má sì pẹ́ níta ju wákàtí méjì lọ. Sàláàdì oní-mayonnaise kò yẹ kó pé wákàtí kan níta lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Ní tèmi, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá níbi ìnáwó ọ̀sán.

Ohun mímu

Nínú ilé kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú Òde, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí Jímọ̀, kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè pé kí ọtí wà tàbí kó má wà kò nílò ìjà. Ẹ ya tábìlì ọtí sọ́tọ̀, kí ife rẹ̀ àti ẹni tó ń pín in yàtọ̀, kí ó sì wà lápá kan tí Alhaji kò ní kọjá lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni olóhun ìnáwó, tàbí tí ó jẹ́ àdúrà fún òkú, ẹ yọ ọtí kúrò láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Bíà ń dúró. Ẹ lè rà á lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ sì lè dá èyí tó ṣẹ́kù padà bí ẹ bá ti bá ẹni tó tà á sọ ọ́. Ẹmu kì í dúró. Èyí tí adẹ́mu dá láàárọ̀ dùn bí oyin. Ní ọ̀sán ó ti ń ta ahọ́n. Ní alẹ́ ó ti le. Lọ́jọ́ kejì ó ti kan. Nítorí náà ẹmu tàbí ògùrọ̀ bá ìnáwó ọ̀sán mu ju ti alẹ́ lọ, kí adẹ́mu sì gbé e dé ní aago mọ́kànlá. Ẹ má dé ìgò rẹ̀ pinpin, ìhó inú rẹ̀ lè fọ́ ọ. Lójú mi, ẹmu ló yẹ ìnáwó àwọn àgbà ju bíà lọ: ó ń mú kí àwọn bàbá sọ̀rọ̀, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ẹni tó wà ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, kò ní dé ẹ̀yìn, ẹ fi bíà kún un.

Sobo tí wọ́n fi ìṣápá sè dára fún gbogbo ẹ̀sìn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n sè é, kó wà nínú yìnyín, kí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, torí ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ láàárín àwọn àgbà.

Fún igba àlejò àti wákàtí mẹ́rin, èyí ni ìṣirò mi. Omi inú ọ̀rá mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600, àpò 30 nìyẹn bí 20 bá wà nínú àpò kan. Mínírà tàbí mọ́ọ̀tì méjì fún ẹnì kan jẹ́ 400, páálí oní-12 bíi 34. Bó bá jẹ́ pé ìdámẹ́ta wọn ń mu bíà, ìgò mẹ́ta ẹnì kan, bíi 200 ìgò, kéréètì oní-12 tó 17. Ẹ má dín owó omi àti yìnyín kù nítorí ọtí. Bó bá sì ku bíi wákàtí kan kí ìnáwó parí, kí tábìlì ọtí ti pa, torí ọ̀pọ̀ ló máa wakọ̀ padà sójú ọ̀nà márosẹ̀.

Onílù, DJ, àti eré tó kù

Ìjẹ̀bú Igbó ló fún wa ní Haruna Ishola pẹ̀lú àpàlà rẹ̀ (ó kú ní 1983), ibẹ̀ náà ni Batile Alake, ìyá wákà, ti wá. Ẹni ọgọ́ta àti àádọ́rin ọdún kì í gbọ́ orin yìí kó jókòó. DJ lè fi rẹ́kọ́ọ̀dù wọn sí i ní owó díẹ̀, kó sì yí i padà sí ti àwọn ọ̀dọ́ nígbà tó bá yá; fún ìnáwó ogójì ọdún, DJ ni mo máa yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Onílù ń pe orúkọ, ó ń ki ènìyàn, ó ń mú kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ́ oríkì baba rẹ̀. Fún àádọ́rin ọdún, kò sí ohun tó lè rọ́pò ìyẹn. Ẹ ka ẹgbẹ́ onílù mọ́ àlejò nígbà tí ẹ bá ń ṣírò oúnjẹ, wọ́n lè tó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí gbohùngbohùn má sì kọjú sí àwọn ìyá àgbà. Bí wọn ò bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn á tètè lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ jó. Ẹ tẹ́ ọpọ́n ayò méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ igi tàbí sí ìdí ògiri, ihò 12, ọmọ ayò 48, kí dáráfù àti ludo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn àgbà ọkùnrin á sì kóra jọ síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ ìyìn, ẹni mẹ́ta ti tó, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó fífọ́n síni lára lójú agbo. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé fífọ́n náírà síni lára níbi ayẹyẹ àti jíjó lé e lórí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ilé ẹjọ́ sì ti ń dájọ́ lórí rẹ̀. Inú wa máa ń dùn sí i, mo mọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń fi ìfẹ́ hàn ni. Ẹ lè gbé báàfù tàbí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ òkè wé síwájú ọlọ́jọ́ ìbí, kí àwọn tó ń jó máa fi owó inú àpòòwé sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jó kọjá. Kí ẹni tó ń darí ètò kéde rẹ̀ kí onílù tó lu ìlù àkọ́kọ́, kí ọmọ ìyá ọlọ́jọ́ ìbí kan sì jókòó ti apẹ̀rẹ̀ náà.